Họ́dà mẹ́ta tí mo rà fún ẹnu páìpù: méjì dáa, ọ̀kan fẹ́ẹ̀ ba iṣẹ́ mi jẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń bá irin wọ̀yá ìjà lójoojúmọ́. Nǹkan tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ lónìí ni àpótí họ́dà (irin tó ń di ẹnu ọ̀bẹ mú lórí ẹ̀rọ) kan tí mo rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún gbígbẹ́ ẹnu páìpù, ìyẹn kí ẹnu páìpù lè dagun dáadáa kí jórin-jórin tó fi iná sí i. Họ́dà mẹ́ta ló wà nínú ẹ̀, ọ̀pá kan tó ń wọ inú páìpù lọ gbẹ́ ẹ, àti páálí típù carbide mẹ́rin (típù ni ẹnu ọ̀bẹ kékeré tó ń gé irin, carbide sì ni ohun líle tí wọ́n fi ṣe é). Mo tún ra ọ̀bẹ pẹlẹbẹ kan tí wọ́n fi HSS (irin líle tí wọ́n ń pè ní high-speed steel) ṣe mọ́ ọn fún ẹ̀rọ kékeré tí à ń gbé lọ bá páìpù níbi tó bá wà. Ó ti lé ní oṣù márùn-ún tí mo ti ń lò wọ́n, mo ti fi gbẹ́ páìpù íńṣì 4 àti íńṣì 6 tí mi ò lè ka iye ẹ̀ mọ́, irin dúdú àti stainless, torí náà ẹnu mi gbà á láti sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ n ti ibi tó dùn mí jù bẹ̀rẹ̀. Họ́dà kan wà nínú àpótí yẹn tí kò ní kóòdù kankan lára, wọ́n kàn tẹ 37.5 sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Òun gan-an ló jẹ́ kí n ra àpótí náà, torí 37.5 yẹn ni ìwọ̀n tí ASME B16.25, ìlànà àwọn ará Amẹ́ríkà, sọ fún ẹnu páìpù tí a fẹ́ jó pọ̀ tí ògiri ẹ̀ ò bá ju 22 mm lọ, pẹ̀lú ààyè dígírì 2.5 sókè tàbí sísàlẹ̀, kí bèbè pẹlẹbẹ tí àwọn jórin-jórin ń pè ní land sì ṣẹ́kù ní 1.6 mm, ààyè 0.8 ló wà lórí ìyẹn. Inú mi dùn, mo ní họ́dà tí wọ́n ti bá mi wọn igun ẹ̀ sílẹ̀, mi ò ní máa yí nǹkan kiri mọ́. Mo dì í ní gbọnrangandan sórí tool post, ìyẹn ibi tó ń gbé họ́dà lórí lathe, ẹ̀rọ tó ń yí irin kí ọ̀bẹ lè gé e; mo gé ẹnu páìpù mẹ́fà lọ́jọ́ yẹn, ó ń dán, mo ń yangàn.

Ọjọ́ kejì ni jórin-jórin wa pè mí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kòtò tẹ́ ẹ gbẹ́ yìí, irin mélòó lẹ fẹ́ kí n sun sínú ẹ̀?" Mo kọ́kọ́ rò pé àwàdà ló ń ṣe. Ìgbà tí mo gbé protractor lé e ni mo rí i pé 52.5 ni mo gé. Ẹ kíyè sí i, 37.5 pẹ̀lú 52.5 jẹ́ 90. Ẹni tó ṣe họ́dà yẹn wọn 37.5 tiẹ̀ láti ara páìpù, ìyẹn láti ìlà tó gùn lọ bí páìpù ṣe gùn, nígbà tó jẹ́ pé àwa tí à ń jó páìpù, láti ojú ẹnu páìpù la ti ń wọn tiwa. Nọ́ńbà kan náà, ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́n ló yàtọ̀. Ohun tó sì ń fà kì í ṣe kékeré, torí irin tí jórin-jórin máa sun láti fi dí àlàfo ìsopọ̀ tó ní dígírì 52.5 lápá kọ̀ọ̀kan máa fi bí ìdá 70 nínú 100 ju ti 37.5 lọ. Ẹ wo iye iná, iye rọ́ọ̀dù, iye wákàtí. Mo ní kó má bínú, mo tún gbogbo ẹ̀ gé, páìpù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sì kúrú díẹ̀ sí i.

Mo kọ̀wé sí àwọn tó tà á. Èsì tí wọ́n fún mi ni pé 37.5 ni 37.5. Ó dáa bẹ́ẹ̀.

Ká sòótọ́, àwa náà ní irú ẹ̀ lórí ẹ̀rọ lathe wa. Slide kékeré orí ẹ̀ tí à ń pè ní compound, lórí àwọn ẹ̀rọ kan òdo ẹ̀ bá ìlà páìpù lọ, lórí àwọn mìíràn òdo ẹ̀ bá cross slide, ìyẹn apá tó ń rìn dábùú páìpù, lọ. Tó bá jẹ́ ti àkọ́kọ́ lo ní, 52.5 lo máa yí i sí kí o tó rí 37.5 lẹ́nu páìpù. Tó bá jẹ́ ti ìkejì, 37.5 náà lo máa yí i sí. Mo mọ èyí dunjú lórí ẹ̀rọ mi o, mi ò kàn mọ̀ pé ó lè wà lára họ́dà tí wọ́n tẹ nọ́ńbà sí ni. Ní báyìí kí n tó ra ohunkóhun tó ní igun lára, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mò ń bi wọ́n: láti ibo lẹ ti wọ̀n ọ́n? Bí wọn ò bá lè dáhùn, kí wọ́n fi àwòrán ránṣẹ́.

Ẹlòmíràn lè ní kí n yí tool post ní dígírì 15, a óò rí 37.5. Mo ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì bọ́ síbẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ bí mo bá ṣì máa yí tool post, kí wá ni àǹfààní họ́dà tó ní igun tiẹ̀?

Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí n fẹ́ràn ìkejì nínú àpótí náà, èyí tí mi ò tiẹ̀ kọbi ara sí lákọ̀ọ́kọ́. Kóòdù ara ẹ̀ ni SSSCR 2525M12. Fún ẹni tí kóòdù yìí ń dẹ́rù bà, ẹ fọkàn balẹ̀, ó rọrùn. S àkọ́kọ́ ń sọ pé síkúrúù ló di típù mú, S kejì ní típù náà jẹ́ onígun mẹ́rin, S kẹta ní ẹnu ẹ̀ dúró ní dígírì 45, C ń sọ pé abẹ́ típù yẹ̀ sẹ́yìn ní dígírì 7 kó má baà máa fẹ̀yìn ha irin, R ni ọwọ́ ọ̀tún, 25 àti 25 ni gíga àti fífẹ̀ ọ̀pá ẹ̀, M ní ó gùn ní 150 mm, 12 sì ni ìwọ̀n típù. Nítorí pé 45 ni ẹnu ẹ̀, bóyá ara páìpù lo ti wọ̀n ọ́n ni o tàbí ojú ẹnu ẹ̀, 45 náà ni! Kò sí ẹni tó lè tàn ọ́. Tí mo bá fẹ́ 37.5 mo yí tool post ní 7.5, tí mo bá fẹ́ 30, irú èyí tí API 5L, ìlànà páìpù epo àti gáàsì, ń béèrè fún, mo yí i ní 15. Mo ti fi gíráíńdà gé irin pẹlẹbẹ kéékèèké méjì tí mò ń fi sáàárín láti wọn 7.5 àti 15 yẹn, ìṣẹ́jú kan ó ti tò.

Típù tó wọ inú ẹ̀ ni SCMT 120408. Orí típù yìí dagun sẹ́yìn, ó ń fá irin bí abẹ ṣe ń fá irun, kì í ti irin. Èyí ṣe pàtàkì gan-an fún páìpù ju fún ọ̀pá irin tó kún inú lọ, torí páìpù ṣófo, bí agogo ló rí, tí o bá ti tì í pẹ́nrẹ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Họ́dà oní-37.5 tí mo ń bú yẹn, SNMG 120408 ló ń gbé. N tó wà níbẹ̀ túmọ̀ sí pé abẹ́ típù ò yẹ̀ rárá, dígírì òdo, torí náà họ́dà gbọ́dọ̀ tẹ típù síwájú kí ẹ̀yìn ẹ̀ má baà ha iṣẹ́, bó bá sì ti tẹ̀ síwájú báyẹn, agbára tó ń fẹ́ máa ń pọ̀ sí i. Wọ́n á ní ó lérè jù nítorí pé ó ní ẹnu 8, mẹ́rin lókè mẹ́rin nísàlẹ̀, tí SCMT sì jẹ́ ẹnu 4 péré. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹnu 8 tó ń kígbe kí ló fẹ́ fún mi? Lórí irin tó nípọn tí ẹ̀rọ sì lágbára, mo gbà. Lórí páìpù íńṣì 4 tó yọ síta lẹ́nu chuck, ìyẹn ẹnu lathe tó ń di irin mú, rárá o.

Ìṣirò kan wà tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe kẹ́ ẹ tó ra típù onígun mẹ́rin fún irú iṣẹ́ yìí, torí kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi. Ẹ mú bí ògiri páìpù ṣe nípọn tó, ẹ yọ 1.6 ti land kúrò, ẹ pín èyí tó kù pẹ̀lú 0.793, tí í ṣe cosine 37.5. Ohun tó bá jáde ni gígùn ibi tó máa dagun. Páìpù íńṣì 4 Schedule 80 (Schedule ni nọ́ńbà tí wọ́n fi ń sọ bí ògiri páìpù ṣe nípọn tó), ògiri ẹ̀ jẹ́ 8.56 mm, ibi tó dagun á jẹ́ bí 8.8 mm, típù 12 máa gbé e láìlàágùn. Íńṣì 6 Schedule 80 ńkọ́? Ògiri ẹ̀ jẹ́ 10.97, ibi tó dagun á jẹ́ 11.8 mm. Wàá ní, ṣebí típù 12 ni, ó tó náà. Kò tó! Ẹnu típù yẹn jẹ́ 12.7 lóòótọ́, ṣùgbọ́n igun ẹ̀ méjèèjì rí róbótó ní 0.8, nọ́ńbà 08 tó wà níparí kóòdù nìyẹn, torí náà ibi tó tọ́ gbọnrangandan kò ju 11.1 lọ. Tó o bá tì í wọlé tààrà, ó máa fi bèbè tín-ínrín kan sílẹ̀ níta páìpù. Mo rí bèbè yẹn fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko kí n tó mọ ohun tó fà á, fáìlì ni mo fi ń fá a kúrò, ẹ̀rín àrínpa ni ẹni tó bá rí mi nígbà yẹn ì bá rín. Nísinsìnyí tí ògiri bá ti kọjá 9 mm, mi ò ti típù wọlé tààrà mọ́, compound ni mo fi ń wọ́ ọ lọ wọ́ ọ bọ̀, kí imú típù nìkan máa jẹ ẹ́. Ó pẹ́ díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n ariwo dínkù.

Ọ̀rọ̀ ariwo yìí náà, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe ni pé tí ọ̀bẹ bá ti ń gbọ̀n, wọ́n á dín bó ṣe ń wọlé kù, á wá máa ra irin bí ẹni ń ra àtẹ́lẹwọ́, ìgbọ̀n yẹn á tún le sí i. Ẹ dín sípíìdì kù dípò ẹ̀, kẹ́ ẹ jẹ́ kó wọlé dáadáa kó rí nǹkan jẹ. Kẹ́ ẹ tún wo bí họ́dà ṣe yọ jáde tó lórí tool post. Tèmi, mi ò ń jẹ́ kó yọ kọjá gíga ara ẹ̀, ìyẹn 25 mm. Họ́dà 2525 méjèèjì tó dáa nínú àpótí yìí wúwo, ìsàlẹ̀ wọn tẹ́jú pẹrẹsẹ, wọn ò mì rárá. Èyí tí wọ́n tẹ 37.5 sí ńkọ́, wọ́n gbẹ́ ọrùn ẹ̀ tín-ínrín kí igun yẹn lè ráàyè, ibi ọrùn yẹn gan-an ló ti ń gbọ̀n. Ká ní igun ẹ̀ tọ̀nà gan-an, mi ò ní fẹ́ràn ẹ̀.

Ẹ̀kẹta, PCLNR 2525M12, kò ní ìtàn púpọ̀. Òun ni mo ń fi tẹ́ ojú ẹnu páìpù kó tó di pé mo gbẹ́ igun. L tó wà láàárín ní ẹnu ẹ̀ jẹ́ dígírì 95, P ní irin kékeré tó wà nínú ihò ló ń fa típù mú, CNMG 120408 ló ń gbé. Ó ń ṣiṣẹ́ ẹ̀, ó lágbára, mo ti yí ẹnu típù ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta péré. Ṣùgbọ́n lórí páìpù tí ògiri ẹ̀ fúyẹ́ ẹ mú sùúrù, típù onídígírì òdo lòun náà. Ẹ sì má fún chuck jù o. Eyín mẹ́ta chuck máa ń fún páìpù fẹ́ẹ́rẹ́ di onígun mẹ́ta láìjẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀, ẹ máa gé e kó rí róbótó, ẹ tú u sílẹ̀, á na ara ẹ̀ padà, róbótó á ti lọ. Mo ti lathe irin róbótó kan tí mò ń tì bọ inú páìpù níbi tí chuck ti dì í mú.

Ó wá ku ọ̀pá inú, S20R-SCLCR09. Òun ló yà mí lẹ́nu jù nínú gbogbo wọn, mo rò pé ẹ̀bùn lásán ni wọ́n fi kún un. Ìdí tí mo fi nílò ẹ̀ rèé. Páìpù tó bá ìlànà ASTM A106 mu, wọ́n gbà kí ògiri ẹ̀ fi ìdá 12.5 nínú 100 kéré sí iye tí wọ́n kọ. Íńṣì 6 Schedule 80 yẹn tó yẹ kó jẹ́ 10.97, ó lè jẹ́ 9.6 lápá ibì kan. Ìyàtọ̀ 1.37 mm nìyẹn. Tó o bá fi ìta páìpù ṣe àárín tó o sì gbẹ́ igun ẹ̀ yípo, land tó jẹ́ 1.6 níbi tó nípọn á di bí 0.2 níbi tó fẹ́lẹ́, bíi bébà, bí iná bá kàn án báyìí ó ti lu. Jórin-jórin á ní ìwọ lo ò mọ iṣẹ́. Ohun tí mò ń ṣe ni pé mo kọ́kọ́ fi ọ̀pá yìí gbẹ́ inú páìpù díẹ̀ kí inú àti ìta lè jọ ní àárín kan, kí n tó gbẹ́ igun. Lẹ́yìn ibi tí mo gbẹ́, mo jẹ́ kó rọra dagun padà sí inú ní 1 sí 4, kó má fi ìgbésẹ̀ ṣóńṣó sílẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ wọn ògiri yíká kẹ́ ẹ tó gbé ọ̀bẹ wọ inú ẹ̀, torí ẹ ò gbọdọ̀ gbẹ́ ẹ kọjá ibi tó kéré jù tí iṣẹ́ gbà.

Ọ̀pá yẹn fẹ̀ ní 20 mm, irin ni, torí náà mi ò ń jẹ́ kó yọ ju ìlọ́po mẹ́rin ìbú ẹ̀ lọ, 80 mm nìyẹn, iṣẹ́ tèmi ò sì ju 50 lọ. Típù CCMT 09T304 ni kẹ́ ẹ fi sí i, kẹ́ ẹ yẹra fún 08. Imú 0.4 kì í ti ọ̀pá sẹ́yìn tó 0.8. Mo dán méjèèjì wò nínú páìpù kan náà, 08 ń han bí ọmọ tuntun, 04 dákẹ́.

Lórí páálí típù, ẹ̀bi tèmi wà níbẹ̀, mi ò ní dá olójà lẹ́bi. Àwọ̀ búlúù ló wà lára páálí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìyẹn P, ti irin lásán. Mo fi gé stainless 316L. Irin bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ ẹnu típù, ó ń ya á díẹ̀díẹ̀, ojú iṣẹ́ rí jàgajàga. Oní-yẹ́lò, M, ló yẹ kí n rà fún stainless. Stainless pẹ̀lú kò fẹ́ kí ọ̀bẹ máa dúró sójú kan kó máa fi ara ha á, ara ẹ̀ á le koko níbẹ̀, ọ̀bẹ tó bá tún padà dé ibẹ̀ á kan òkúta.

Ọ̀bẹ HSS pẹlẹbẹ fún ẹ̀rọ àgbékiri ńkọ́? Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ní HSS ti di ti àtijọ́. Ẹ̀rọ àgbékiri kì í yára, páìpù kì í yí, ọ̀bẹ ló ń yí i ká, ó sì máa ń bá ojú ìsopọ̀ páìpù onísíìmù pàdé ní gbogbo yíyí. Carbide kò fẹ́ irú gbígbá bẹ́ẹ̀, á hẹ lẹ́nu. HSS gbà á. Mò ń lò ó ní nǹkan bíi 25 mítà ní ìṣẹ́jú kan fún irin dúdú, lórí páìpù íńṣì 6 tí ìta ẹ̀ jẹ́ 168.3 mm ìyẹn á jẹ́ yíyí 47 ní ìṣẹ́jú, fún stainless mo mú un wálẹ̀ sí 15 mítà, yíyí 28, pẹ̀lú òróró tó ń sun sí i láìdáwọ́ dúró. Tó bá kú lẹ́nu, orí ẹ̀ nìkan ni kẹ́ ẹ pọ́n, ẹ má fọwọ́ kan iwájú ẹ̀ tó gbé igun, bẹ́ẹ̀ ni 37.5 máa wà níbẹ̀ títí ọ̀bẹ á fi tán.

Nǹkan kan wà níbẹ̀ ṣá. Ẹni tó pọ́n ọ̀bẹ náà wá jẹ́ kí orí ẹ̀ dagun ní 15 kó lè fá dáadáa, ó sì ń fá lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí orí ọ̀bẹ bá ti dagun báyẹn, igun tó wà lára ọ̀bẹ kọ́ ni igun tó máa hàn lára páìpù. 37.5 tí wọ́n pọ́n sójú ẹ̀ ń jáde ní nǹkan bíi 36.5. Ó ṣì wà nínú ààyè 2.5 tí a gbà, mi ò fi ṣe wàhálà, ṣùgbọ́n tí ẹ̀rọ bá tún wọ́ díẹ̀, tí páìpù náà sì ní tiẹ̀, ìwọ̀nba ààyè yẹn lè tètè tán. Èyí tí mo bá máa pọ́n fúnra mi lẹ́yìn èyí, 10 ni mo máa fún orí ẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá bi mí, ìràwọ̀ 4 nínú 5 ni mo fún SSSCR, 4 fún ọ̀pá inú, 3 fún PCLNR, 4 fún ọ̀bẹ HSS. Oní-37.5 yẹn ò rí ọ̀kankan gbà. Ká ní wọ́n ń ta SSSCR àti ọ̀pá inú lọ́tọ̀, àwọn méjèèjì péré ni ǹ bá rà. Síkúrúù tó ń di típù SCMT mú ni mò ń wá báyìí, èyí tó bá a wá, orí ẹ̀ ti ń jẹ lẹ́yìn bí ogún ìgbà tí mo ti tú u, wọn ò sì fi ẹyọ kan péré kún un fún ìpààrọ̀. Họ́dà tí wọ́n tẹ 37.5 sí, mo ti fi gíráíńdà fá nọ́ńbà yẹn kúrò, mo fi ṣọ́ọ̀kì kọ 52.5 sí i, kí ẹni tó bá ṣèèṣì mú un má baà gbé páìpù lọ fún jórin-jórin wa.